Ọyẹ́ kì í mú kí omi Ìkògòsì gbóná sí i

Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ó máa gbọ́ nípa ìsun omi gbígbóná Ìkògòsì ní Èkìtì, lẹ́nu èrò ọkọ̀ láti Adó títí dé Àrámọkọ: "Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kéèyàn lọ sí Ìkògòsì. Inú ọyẹ́ ni omi ibẹ̀ máa ń gbóná jù." Àwọn mìíràn á fi kún un pé tó bá di ìgbà òjò, omi náà á rọlẹ̀, á fẹ́ tutù. Àgbà ń sọ ọ́, ọmọdé ń sọ ọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi tó ń yọ lábẹ́ òkúta ní Ìkògòsì kò mọ̀ bóyá ọyẹ́ ló wà níta tàbí òjò. Bíi 37°C ló máa ń wà, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Àwọn onímọ̀ tó tẹ àyẹ̀wò omi náà jáde ní 1969 kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbóná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, àti pé bíi lítà 150 ló ń tú jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kí ló dé tí ara wa fi ń sọ nǹkan mìíràn fún wa? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Lówùúrọ̀ ọyẹ́, afẹ́fẹ́ Èkìtì lè já wá sí bíi 18°C, pàápàá nínú àfonífojì tí òkè yí ká. Ẹni tó bọ́ aṣọ nínú òtútù yẹn, tó wá ki ẹsẹ̀ bọ omi 37°C, dígírì 19 ni ìyàtọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ tó ti kúrò àti omi tó bọ́ sí. Lọ́sàn-án oṣù kẹta ńkọ́? Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ lè gùn dé 34°C. Dígírì 3 péré ló kù láàárín òun àti omi. Ẹni yẹn á ní omi náà kàn lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni. Omi kan náà ni àwọn méjèèjì bọ́ sí. Awọ ara kì í wọn ìgbóná bí a ṣe ń wọn ọ̀pá aṣọ; ìyàtọ̀ láàárín ibi tó ti kúrò àti ibi tó bọ́ sí ló ń sọ fún wa.

Gbogbo ẹni tó bá ti fa omi kànga lówùúrọ̀ ọyẹ́ ló mọ nǹkan yìí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé a kì í fi ọkàn sí i. Omi tó sùn nínú garawa níta á tutù bíi yìnyín, ṣùgbọ́n èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á lọ́ wọ́ọ́wọ́, á tiẹ̀ máa rú èéfín. Kò sẹ́ni tó sọ rí pé ẹnìkan dáná sábẹ́ kànga. A mọ̀ pé ìta ló tutù. Bí ọ̀rọ̀ Ìkògòsì ṣe rí gan-an nìyẹn, àfi pé omi tibẹ̀ ti ibi tó jìn ju kànga lọ wá.

Èéfín tí ẹ ń rí lójú omi náà, ẹ má ṣe kà á sí híhó. Ooru omi ló ń gòkè, tó pàdé afẹ́fẹ́ tútù, tó sì di ẹ̀kán omi wínníwínní tí ojú lè rí. Tí ìta bá gbóná, ooru ọ̀hún ṣì ń gòkè. Ojú wa ni kò rí i.

Ìdí tí àsìkò kò fi rí omi náà mú ni pé òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè yẹn ló ń wọlé gba ojú sísán òkúta quartzite lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn. Bí èèyàn bá ṣe ń wa ilẹ̀ lọ ni ooru ń pọ̀ sí i. Níbi púpọ̀ láyé, dígírì 25 sí 30 ló ń fi kún un ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni omi ti ń gba ìgbóná kó tó tún gòkè wá. Kò sí òkè tó ń bú iná lábẹ́ Èkìtì. Ọyẹ́ àti oòrùn kì í sì wọ ilẹ̀ kọjá bíi mítà 20, wọn ò lè dé ibi tí omi yẹn ti ń gbóná. Ìtàn ọdẹ àti àwọn ìyàwó rẹ̀ méjì, tí wọ́n ní wọ́n di omi gbígbóná àti omi tútù ibẹ̀, tìlú ni, iyì wa ni, n kò fẹ́ kó parẹ́. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí nìkan ni mo ń bá wí.

Àwọn kan tún ń sọ pé 70°C ni omi náà níbi tó ti ń yọ, kó tó bá omi tútù tó ń ṣàn nítòsí rẹ̀ pàdé. Omi 70°C á bó èèyàn lára kó tó ka ení, èjì. Bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni àlejò ń ki ọwọ́ bọ ojú ìsun yẹn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Èyí tó yẹ kí ẹ gbọ́ jù rèé: tí ọyẹ́ bá tiẹ̀ ṣe omi Ìkògòsì ní nǹkan kan, ṣe ló ń mú un tutù. Kété tí omi bá ti kúrò lójú ìsun, tó wọ inú ìṣàn tàbí adágún ìlúwẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru lára rẹ̀, yóò sì fà á ju ti ìgbà ooru lọ. Mo gbà pé ọdún Kérésì ló sọ ìgbàgbọ́ yìí di ńlá. Oṣù kejìlá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ń wálé, ìgbà yẹn ni wọ́n ń kó ẹbí lọ síbẹ̀, nínú òtútù, wọ́n á sì gbé ìròyìn rẹ̀ padà lọ sí Èkó.

Omi tí àsìkò ń yí ni ti dáàmù: Èrò ní Ìkùn, Ùrèjè l'Ádó. Ojú wọn lè wà ní bíi 24°C lọ́yẹ́, kó sì tó 30°C nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Omi ń fa ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ, nítorí náà ọmọ tó pẹ́ nínú dáàmù lóṣù kìíní á gbọ̀n.

Ní Ìkògòsì, ìdàkejì ni ká ṣọ́ra fún. 37°C dára fún jíjókòó, kò dára fún ìlúwẹ̀ẹ́ àwẹ̀pẹ́. Ìdíje inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà láàárín 25°C àti 28°C, wọn kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni díje nínú odò tàbí òkun tó bá ju 31°C lọ, torí ooru tí iṣan ń mú wá kò ní rí ibi gbà jáde. Òógùn kò lè gbẹ lára ẹni tó wà lábẹ́ omi. Aboyún, àgbàlagbà àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Tí òòyì bá ti ń kọ́ni, kéèyàn jáde. Tó bá sì jẹ́ inú ọyẹ́, ẹ ti mú táwẹ́lì dání dè é létí omi, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fẹ́ sí ara tó tutù fún omi ló ń mú kí àwọn ọmọ gbọ̀n, kì í ṣe omi náà.

Ẹni tí kò bá gbà, kó mú tẹmómítà tí a fi ń wọn ibà dání. Kó wọ̀n ọ́n lọ́yẹ́, kó tún padà wá wọ̀n ọ́n lójò, níbi tí omi ti ń yọ lábẹ́ òkúta gan-an, kì í ṣe nísàlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti bù lára rẹ̀.