Ẹ yé jó ewé gbígbẹ, kì í ṣe oúnjẹ lẹ̀ ń fún ilẹ̀

Láàárọ̀ òní ní Adó níbí, bàbá kan tó ń kọjá níbi tí èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń gbálẹ̀ dúró, wọ́n ní kí la tún ń kó ewé sínú tapólì sí, ká ṣáná sí i jàre, pé eérú ẹ̀ ló ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ, ó sì yá ju èyí tá à ń ṣe lọ. Mo kí wọn, mo ní ẹ ṣé sà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi o, gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé ni mo máa ń gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti oúnjẹ ilẹ̀ yẹn. Ọmọ Èkìtì ni wá, owó kòkó ni wọ́n fi rán ọ̀pọ̀ wa níléèwé. Ẹ wọ oko kòkó tẹ́ ẹ bá fẹ́, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìkọ̀lé, ta lẹ rí tó ń gbá ewé níbẹ̀? Tẹ́ ẹ bá fi ẹsẹ̀ tú ewé tó wà nílẹ̀, ti òkè á gbẹ, á máa dún wàràwàrà, ti abẹ́ ẹ̀ ti rọ̀, ẹ ó rí nǹkan funfun bí òwú tó ń gba inú ẹ̀, ti abẹ́ ìyẹn ti di ilẹ̀ dúdú tó tutù, nígbà tí gbogbo ojú ọ̀nà ń ru eruku. Ewé yẹn ló ń jẹrà padà sídìí igi tó já bọ́ láti ara ẹ̀. Ẹ wá tiná bọ irú ewé bẹ́ẹ̀, nitrogen inú ẹ̀ tó máa ń mú kí ewé tuntun dúdú minimini á bá èéfín lọ, ohun tó kù nínú eérú ò ju potash, kálísíọ̀mù àti ìwọ̀nba nǹkan míì lọ. Atẹ́gùn ọyẹ́ á fẹ́ díẹ̀ lọ nínú ìyẹn náà, òjò àkọ́rọ̀ á gbá ìyókù dà sí gọ́tà. Ó dáa, mo gbà, eérú máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ó sì lè fún un ní potash díẹ̀. Àmọ́ kò tó ohun tí iná ti gbé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún ń sọ pé ká jó o torí ejò máa ń wọ inú ewé, eku ni ejò sábà máa ń wá, ẹ palẹ̀ ìdọ̀tí oúnjẹ tó ń pe eku mọ́.

Ti pé ó yá, èmi fúnra mi ti ṣe é rí. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nínú oṣù kìíní, a jó ewé tíìkì lẹ́yìn ilé kan, ewé tíìkì yìí kan náà tó fẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ. Atẹ́gùn gbé ọ̀kan tó ń jó lọ́wọ́, mo ń wò ó bó ṣe ń yí lókè, ó kọjá fẹ́ǹsì, ó bà sínú oko gbágùúdá ẹni ẹlẹ́ni. Àwa mẹ́rin la fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pọn omi sáré pa á. Igi máńgòrò tó wà nítòsí, èèpo ẹ̀ bó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀ka ibẹ̀ ò so mọ́. Wákàtí méjì la fi dúró ti iná yẹn, torí ẹ ò lè dáná nínú ọyẹ́ kẹ́ ẹ yíjú, lẹ́yìn náà la tún padà wá gbá eérú. Ibo ló wá ti yá? Mi ò tíì sọ ti ọmọ alásímà tó wà nílé kejì, tí èéfín máa ń dí lọ́nà èémí o.

Bá a ṣe ń ṣe é báyìí, a máa ń tètè dé nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé, kò ní máa fò kiri, ibi tí atẹ́gùn bá dojú kọ là ń gbá a lọ. A ó tẹ́ tapólì sílẹ̀, a ó fi réèkì wọ́ ewé sórí ẹ̀, ẹni méjì á di etí ẹ̀ mú, wọ́n á wọ́ ọ lọ, ẹ̀ẹ̀kan ìyẹn ju bárò mẹ́rin lọ. Èyí tó bá wà lórí koríko, tí ò bá pọ̀ jù, mówà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, la fi ń lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ti yẹ ìyẹn wò dáadáa ní Michigan State University ní Amẹ́ríkà, níbi tí ewé ti máa ń wọ́ lulẹ̀ kí òtútù tó dé, wọ́n rí i pé kì í pa koríko. Ìyókù, a máa ń kó o sí ìdí igi, àmọ́ a kì í jẹ́ kó kan ara igi; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó kó o jọ sí kọ̀rọ̀ kan kó máa jẹrà.

Òkìtì tọdún tó kọjá ga tó mi láyà nígbà yẹn, kò ga ju orúnkún mi lọ mọ́, ìyá tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀ ti ń wá bù ú. Tí bàbá yẹn bá tún kọjá lọ́la, ibẹ̀ ni màá mú wọn lọ.