Ta Ló Yẹ Kó Fún Ọmọ Lycée Technique Ní Máàkì?

Ọkùnrin tó yàwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti orílẹ̀-èdè Benin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), iṣẹ́ káfíńtà ló kọ́kọ́ kọ́. Francis Kéré là ń wí, ọmọ abúlé Gando ní Burkina Faso, tí wọ́n bí ní 1965. Iṣẹ́ káfíńtà yìí náà ló gbé e dé Jámánì ní 1985, kó tó di pé ó kọ́ ilé yíyà ní yunifásítì. Ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ fún abúlé rẹ̀ parí ní 2001: amọ̀ ni bíríkì rẹ̀, ó sì gbé páànù òrùlé sókè kúrò lórí àjà kí ooru lè rí ọ̀nà jáde. Ní 2022, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé, tí ọmọ Áfíríkà kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wá bi àwọn òbí ní Àjàṣẹ́ bóyá wọ́n á jẹ́ kí ọmọ wọn tó mọ ìṣirò jù lọ ní kíláàsì wọ lycée technique, ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. "Ọmọ tèmi kì í ṣe olódo" lẹ óò gbọ́. Série C, ẹ̀ka ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ni ti ọmọ tó mọ̀wé; èyí tó bá kùnà níbẹ̀ ni wọ́n ń lé lọ sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka F3 ní lycée technique, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, àti F4, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kíkọ́, kò gba ẹni tí ìṣirò ń bà lẹ́rù. Ẹni tí kò lè ṣírò ẹrù tí òpó kan yóò gbé, ẹ má jẹ́ kó kọ́lé fún ìyá yín.

A kò dá òbí lẹ́bi tán. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. A mọ ilé ẹ̀kọ́ kan, a ò ní dárúkọ rẹ̀, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ti wà lábẹ́ aṣọ tipẹ́, nítorí wáyà kan tó jó tí kò sẹ́ni tó láṣẹ láti rà. Àwọn ọmọ ń ya ẹ̀rọ náà sínú ìwé, iwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òkè rẹ̀, ìlà wọn gún régé, wọ́n sì ń gba 16 nínú 20. Wọn ò gbọ́ ìró rẹ̀ rí.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọnà kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń yan gààrí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí èéfín ta òun náà lójú. Kó wọn gíga ààrò, kó wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kó béèrè ibi tó ń dun ìyá náà lálẹ́. Lẹ́yìn náà ni kó yàwòrán, kó fi páálí ṣe àwòṣe, kó wá fi amọ̀ àti páànù mọ ààrò gidi, kó sì gbé e padà lọ fún un. Ààrò àkọ́kọ́ kò ní dáa. Ìyá ẹlẹ́gààrí á ní iná rẹ̀ ò mú, tàbí pé ẹnu rẹ̀ há jù fún igi tí òun ń rà. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: ọmọ náà á wá ìdí rẹ̀, á tún fífẹ̀ ihò èéfín ṣírò, á sì tún un mọ.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn agbẹ́gilére wà ní ìhà Kétu tí wọ́n ń gbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ère orí rẹ̀ ń mira bí oníjó bá fa okùn. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti ro ìwúwo rẹ̀ mọ́ ọrùn oníjó. Ó ti mọ ibi tí okùn yóò gbà tí kò fi ní há. Ẹ̀rọ nìyẹn. Nígbà tí UNESCO bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, a pàtẹ́wọ́ fún ijó, a gbàgbé okùn. Ní Àjàṣẹ́ níbí náà, láti 1985 tí Fadá Godfrey Nzamujo ti dá ilé Songhaï sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná.

Ìjọba ti ṣètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ láti 2020 títí dé 2030. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: kí ìdajì máàkì bac technique, ìdánwò àṣejáde lycée technique, wà lórí ohun tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ẹni tó nílò rẹ̀, kí àwọn ọ̀gá ajórin àti káfíńtà ìlú sì máa kọ́ni nínú lycée, kí wọ́n sanwó fún wọn bí olùkọ́. Wọ́n á ní àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ò ní díplómà. Ta ló tún jẹnẹrétọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣe nígbà tó dákú? Ètò kan ti wà tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó sì tún ń lọ sí kíláàsì. Kí ló dé tí ọmọ lycée ò lè gba ọ̀nà kan náà? Ní ti owó, irin àlòkù kò wọ́n ní ìlú yìí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kí olùkọ́ jókòó, kí ọ̀gá ajórin jókòó, kí ìyá ẹlẹ́gààrí náà jókòó tì wọ́n. Kí ọmọ fi Yorùbá tàbí Gùn ṣàlàyé fún un. Kí wọ́n dáná, kí ìyá náà yan agbada gààrí kan. Bí omi bá ṣì ń dà lójú rẹ̀, kí wọ́n dá ọmọ náà padà sídìí iṣẹ́.