Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Máa Fi Nà Wá?

Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún ni mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo ilé l'Ákútè. Tíṣà ni, iléèwé kan l'Ọ́gbà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ, Berger ló ń gbé, láńdílọ́ọ̀dù ẹ̀ ṣàdédé fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé owó ilé tó jẹ́ 450,000 ti di 900,000, tí ò bá lè san án kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Éjẹ́ǹtì tó mú wa kiri ti gba 10,000 owó ìwolé lọ́wọ́ ẹ̀ ká tó gbẹ́sẹ̀. Ilé mẹ́ta ló fi hàn wá. Ọ̀kan, omi ń sun látabẹ́ ilẹ̀. Ìkejì, wọ́n ní àwọn ò gba obìnrin tí ò tíì lọ́kọ. Ìkẹta ni self-con, yàrá kan tó ní balùwẹ̀ tiẹ̀, tó ṣeé gbé, 700,000 lọ́dún, ọdún méjì ni wọ́n sì fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ká wá fi àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n lé e, ká tún fi owó kọ́ṣọ̀n lé ìyẹn, gbogbo ẹ̀ lé ní 1.7 mílíọ̀nù. Mo ní bọ̀dá jọ̀ọ́, níbo lọmọ yìí ti fẹ́ rí i? Ọmọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, ẹ má bínú sá, ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́."

Àtọjọ́ náà lọ̀rọ̀ yẹn ò ti kúrò nínú mi.

Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, eku kékeré kì í gbẹ́ ihò òkété. Òwe gidi ni. Bàbá mi máa ń pa á fún ara ẹ̀ nígbà táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń ra mọ́tò tóun ò rí ra. Òwe téèyàn fi ń bá ọ̀kánjúwà ara ẹ̀ wí ni, kì í ṣe òwe tí ẹni tó dúró sẹ́nu ihò máa fi lé eku tó wà nínú òjò. Eku ló ń gbẹ́ ihò ẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, eku wo lẹ rí tó ń san kọmíṣọ̀n? Eku wo ni wọ́n gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó wọlé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 ní 2024, Èkó ní 85,000 làwọn máa san. 85,000 lọ́nà méjìlá, 1,020,000 nìyẹn. Tó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń gba iye yẹn, tí ò bá jẹun fún odidi ọdún kan, tí ò wọ mọ́tò, tí ò ra paracetamol, kò tíì lè san ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa l'Ákútè, Àkútè yẹn kì í sì í ṣe Èkó o, Ògùn ni! Ìwọ̀n wo ló kù tẹ́ ẹ fẹ́ kó wọ̀n?

Àwọn kan á ní kó lọ sí Mówè, kó lọ sí Ìbàfò, pé ibẹ̀ ṣì rọjú. Mo mọ ẹni tó lọ. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn bá sì gbòde, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọlé, ọjọ́ Àìkú nìkan lọmọ ẹ̀ kékeré ń fojú kàn án. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ohun tó rí nínú owó ilé, dánfó ti gbà á. Ilé ò wá pọ́ọ́kú, ọ̀nà ni wọ́n gbé owó lé.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé àwọn kan ti mọ ìwọ̀n ara wọn rí, wọ́n kọ́ ìtẹ́ tó bá wọn mu, kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn? Ẹ bi àwọn ará Maroko, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù l'Ékòó nígbà kan. Oṣù keje 1990, ìjọba ológun fún wọn lọ́jọ́ méje péré, katakata wọlé, nǹkan bí 300,000 èèyàn ló di aláìnílé, ilé olówó gọbọi ló wà lórí ilẹ̀ yẹn lónìí. Ẹ bi àwọn apẹja Ọ̀tọ́dò Gbàmẹ̀ lápá Lẹ́kkí, tí wọ́n lé ní 2016 sí 2017, kóòtù gíga Èkó fúnra ẹ̀ ló sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún wọn ò bófin mu. Eku kọ́ ìtẹ́ níwọ̀n ara ẹ̀, wọ́n fi iná sí i. Ẹni tó bá fẹ́ pa òwe yẹn fún mi, kó kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn.

Mi ò sọ pé láńdílọ́ọ̀dù ò níṣòro o. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ báyìí, mo bá a kẹ́dùn. Látìgbà tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ ní 2023, ẹ rí ohun tí símẹ́ǹtì dà, ní oṣù kejì 2024 àpò kan kọjá 10,000 láwọn ibì kan, irin ńkọ́, páànù ńkọ́, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gba owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n tún ń gba owó òrùlé ńkọ́, kó tó wá kan ìwé ilẹ̀, tó jẹ́ pé látìgbà òfin ilẹ̀ 1978 ojú gómìnà lèèyàn ń wò kó tó rí C of O. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé owó lé e, ó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ tí bàbá ẹ kọ́lé sílẹ̀ ní 1984, tí o ò da búlọ́ọ̀kù kan lé e, tí òrùlé ń jò, tó jẹ́ àwọn tẹ́náǹtì ló ń dáwó tún ẹ̀rọ omi ṣe, símẹ́ǹtì ọdún wo ló kàn ẹ́ níbẹ̀?

A dàgbà sí Muṣin, face-me-I-face-you, yàrá kan, àwa mẹ́fà. Yàrá iwájú ni baba onílé wa ń gbé, ilé ìgbẹ́ kan náà la jọ ń lò. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá mi wà dá wọn dúró, oṣù mẹ́rin ni baba yẹn ò fi béèrè owó, oṣù-oṣù sì ni wọ́n ń san án nígbà yẹn, bí owó oṣù ṣe ń wọlé. Bàbá mi ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kí ojú wọn má baà ko. Ọjọ́ kan ni baba onílé dúró dè é níbẹ̀, ó ní, "Bàbá ìbejì, ẹ má sá fún mi nínú ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé." Bàbá mi ń sọ ọ́ títí ó fi kú.

Láńdílọ́ọ̀dù òde òní wà ní Kánádà. Kò mọ ojú ẹni tó ń gbélé ẹ̀, éjẹ́ǹtì ló mọ̀ ọ́n, éjẹ́ǹtì yẹn náà rèé, tí tẹ́náǹtì kan bá kó jáde tí òmíì kó wọlé ni kọmíṣọ̀n tó ń dé, kí ló fẹ́ fi ẹnì kan sílẹ̀ lójú kan fọ́dún márùn-ún ṣe? Òun ló ń pe Kánádà pé "ẹ̀gbọ́n, àdúgbò ti gbówó lórí o, ẹ ń pàdánù."

Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó nílé méjì ní Ṣómólú, ọdọọdún ló ń fowó lé e, mo bá a sọ ọ́ títí, ó ní ọjà ló rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin gbéyàwó, ó níṣẹ́ lọ́wọ́ o, banki ló wà, kò ríbi gbà, boys' quarters bàbá ẹ̀ ló kó ìyàwó sí. Bàbá ní àwọn láńdílọ́ọ̀dù ìsinsìnyí ò láàánú! Mo wò ó títí, mi ò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n sọ ọ́, mo wá ń sọ ọ́ báyìí: ìwọ ni láńdílọ́ọ̀dù yẹn. Tíṣà tẹ́ ẹ lé lọ sí Ìbàfò ló ń kọ́ ọmọ yín, oorun ló sì ń bá dé kíláàsì. Nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ gba gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ ti lọ bá ọmọ yín ní Kánádà, ta ló máa wá gún yín lábẹ́rẹ́ lóru?

Òfin sì wà. Láti 2011 ni òfin Èkó ti sọ pé láńdílọ́ọ̀dù ò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìtanràn 100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀, yàtọ̀ sí Apapa, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island tí wọ́n yọ sílẹ̀. Òfin kan náà mú ẹni tó san án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé ọdún méjì lé éjẹ́ǹtì lọ́wọ́ kó lè fún yín kó má fún ẹni tó ṣíwájú yín, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń bà á jẹ́, mi ò ní bò yín. Ẹ béèrè rìsíìtì. Ẹni tó ń sanwó ọdún-ọdún, tí ẹ ò bá jọ kọ nǹkan míì sínú ìwé, oṣù mẹ́fà ni nótíìsì ẹ̀, ẹ má tìtorí tẹ́ẹ̀sì òru ọjọ́ kan sáré palẹ̀ ẹrù mọ́. Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń bá láńdílọ́ọ̀dù àti tẹ́náǹtì parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ lèmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé tẹ́ẹ̀sì Berger yẹn lọ lọ́jọ́ Ajé.

Ìwọ ọmọkùnrin Àkútè, ọmọ dáadáa ni wọ́n bí ẹ, mo rí i bó o ṣe kí mi. 10,000 ọmọ yẹn wà lọ́wọ́ ẹ, omi ń sun nílé tó o fi hàn án. O ní nọ́ńbà ẹ̀. Dá a padà.