Irọ́ ni pé kẹ́míìsì dínwó ju dókítà eyín lọ

Bí eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ènìyàn ní Nyanya tàbí ní Kubwa, ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé: "Ra nǹkan lò ní kẹ́míìsì jàre. Ta ló lówó dókítà eyín ní Àbújá?" Òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ ọ́, ìyá tó ń ta aṣọ lọ́jà Wuse ń sọ ọ́, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti pẹ́ ní Sábọ̀n Gàrí ní Kánò náà ń sọ ọ́. Ó dà bí ọgbọ́n, torí àtifi owó pamọ́ ni ẹni tó sọ ọ́ ń wá. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Dókítà kọ́ ló ń sọ eyín di olówó gọbọi; ọjọ́ tí a fi sún un síwájú ni.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí wà lẹ́nu gbogbo wa. Wọ́n ń sọ ṣúgà inú oúnjẹ di ásíìdì, ásíìdì yìí ló ń jẹ eyín wọlé díẹ̀díẹ̀. Òde eyín kì í mọ ìrora, nítorí náà ihò lè wà fún oṣù púpọ̀ kí ẹni tó ni ẹnu má mọ̀. Bí wọ́n bá rí ihò náà nígbà tó ṣì kéré, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á dí i, ó parí. Ìjókòó kan ni. Bí ihò bá ti wọlé dé àárín eyín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, dídí lásán kì í sábà tó mọ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n yọ eyín náà, tàbí kí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní root canal: wọ́n á kó ohun tó ti bàjẹ́ kúrò nínú gbòǹgbò, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì dí i títí dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn gba ẹ̀rọ, ó gba fọ́tò inú eyín (X-ray), ó sábà máa ń ju ìjókòó kan lọ, eyín ẹ̀yìn sì sábà máa ń nílò ìbòrí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ tó sì fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ yóò tún san owó ìyẹn lọ́tọ̀. Eyín kan náà ni o! Àìtètè mólè, olè ń mú olóko.

Ibi tí ẹ̀tàn pọ̀ sí jù ni ìgbà tí ìrora bá lọ. Ẹni tó lo oògùn kẹ́míìsì fún ọjọ́ mélòó kan á jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, eyín kò dùn ún mọ́, á wá máa jẹ́rìí fún gbogbo ará àdúgbò pé oògùn náà ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan inú eyín ló ti kú. Ohun tó bá sì ti kú kò lè dunni mọ́. Ṣùgbọ́n àrùn tó pa á ṣì wà níbẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ gba ẹnu gbòǹgbò lọ sínú eegun, ó ń kó ọyún jọ. Ó lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ó lè dákẹ́ fún ọdún kan. Ọjọ́ tó bá padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni yóò bá wú.

Àwọn oògùn apààrùn tí wọ́n ń dì papọ̀ fún wa, Flagyl pẹ̀lú àmọ́kísílìn àti oògùn aláwọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, kò lè wo eyín tó ti kú inú rẹ̀ sàn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn lọ síbi tó ti máa ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò sì wọ inú eyín bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó lè fa wíwú sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ orísun rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fi máa ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹ ṣírò owó rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da Alabukun sójú eyín. Ásípírìn wà nínú rẹ̀, ásípírìn sì máa ń jó erìgì. Kẹ́rósínì àti omi bátìrì tí àwọn kan ń dì sínú ihò eyín burú ju ìyẹn lọ. Ohun tó ń dẹ ìrora lójú fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le ni pàrásítámọ̀ọ̀lù 1,000 mg pẹ̀lú ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ; pàrásítámọ̀ọ̀lù kò gbọdọ̀ ju 4,000 mg lọ láàárín wákàtí 24. Aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibuprofen láìbá dókítà sọ̀rọ̀. Ẹ fi ra àkókò títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni.

Owó dókítà ńkọ́? Òótọ́ ni pé àwọn ilé ìwòsàn eyín aládàáni ní Maitama àti Wuse 2 máa ń gbowó gọbọi. Ṣùgbọ́n wọn nìkan kọ́ ló wà. Ẹ̀ka eyín wà ní National Hospital, ó wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada. Ẹni tó wà ní Kánò ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Aminu Kano. Ẹ tètè jí lọ, torí èrò máa ń pọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n ka owó náà fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan: owó káàdì, owó fọ́tò, owó iṣẹ́ fúnra rẹ̀, owó oògùn, owó ìpadàbọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè pé: "Dókítà, kí ló pọn dandan lónìí, kí ló lè dúró dé ìparí oṣù?" Ìbéèrè yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn sílẹ̀. Dókítà lè ṣí eyín náà kí ọyún jáde, kó fi oògùn dí i fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì padà wá parí rẹ̀ nígbà tówó bá wà. Kí ẹ sáà má fi ṣe ìgbàgbé.

Àwọn tó ń yọ eyín lábẹ́ igi lọ́jà, owó wọn kéré lóòótọ́. Irin kan náà ni wọ́n fi ń wọ ẹnu ogún ènìyàn. Àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV lè gba ibẹ̀ wọlé. Ojúlówó dókítà eyín ní ìwé àṣẹ MDCN, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní káàdì NHIA, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀, nínú àpò tí wọ́n tún ń jókòó ti kẹ́míìsì. Ètò náà kan àyẹ̀wò eyín, dídí ihò àti yíyọ eyín tí kò nílò iṣẹ́ abẹ. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ máa san lórí oògùn. Tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà lórí káàdì kan. Ilé ìwòsàn tí ẹ forúkọ sílẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Òfin tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí. Abala 20 nínú òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ni ìjìyà rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni o. Ohun tó sọ ni pé wọn kò lè tìtorí owó lé yín lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀mí wà nínú ewu.

Eyín àgbàlagbà tó já bọ́ látàrí ìṣubú tàbí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ dúró rárá. Ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀, ẹ jù ú sínú mílíìkì tútù, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín wákàtí kan. Wọ́n lè dá a padà sáyè rẹ̀. Eyín tí ọmọdé kọ́kọ́ hù ni wọn kì í dá padà.

Bí ìsàlẹ̀ ahọ́n tàbí ọrùn bá wú, bí ẹnu kò bá ṣí dáadáa mọ́, bí itọ́ kò bá ṣeé gbé mì, tàbí bí èémí bá ń há, ẹ má wá dókítà eyín kiri, ẹ má sì dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ilé ìwòsàn ńlá tó bá sún mọ́ yín jù tó ní yàrá pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ sáré gbé ẹni náà lọ lóru yẹn, kí ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé láti inú eyín ló ti bẹ̀rẹ̀.