Àtúnṣe: Kíkan gààrí Ìjẹ̀bú kì í yọ́ ọ̀rá

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù pé kí ọmọ tó sanra fo oúnjẹ àárọ̀, kó máa mu gààrí Ìjẹ̀bú, torí kíkan rẹ̀ ń yọ́ ọ̀rá. Irọ́ ni. Ẹ̀gẹ́ rínrin tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ló kan. Gíráàmù 100 gààrí ṣì ní nǹkan bíi kálórì 350, ṣúgà ò tíì dé ibẹ̀. Ọmọ tébi ń pa yóò sì ra pọ́fù-pọ́fù àti mínírà lẹ́nu géètì iléèwé.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ sanra jù, ẹ bọ́ bàtà ọmọ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n, níkọ̀kọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi gíga rẹ̀ pín kílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kílò 54, mítà 1.5, ó di 24. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún ọmọbìnrin ọdún 12, àmọ́ kò pọ̀ fún ti ọdún 17. Nítorí náà, ẹ má fi ìwọ̀n tó wà fún àgbàlagbà díwọ̀n ọmọ. Ìṣẹ́jú 60 eré ìdárayá lójúmọ́ ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sọ fún ọmọ.