Wọ́n Gba Wákàtí Kan Lọ́wọ́ Mi Lóru

Ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ aago ìlú ọba.

Ọdún tí mo dé, nínú oṣù kẹta, mo sùn lálẹ́ Sátidé ní tèmi jẹ́jẹ́. Ìgbà tí mo jí lọ́jọ́ Àìkú, fóònù ní aago méje, ti ara ògiri ní aago mẹ́fà. Ti ògiri ni mo gbà gbọ́, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé e kọ́. Mo rọra wẹ̀, mo para, mo dé ibi iṣẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọ̀gá wo aago, ó wò mí. Wọ́n ti fi wákàtí kan sún aago síwájú láago kan òru, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún tí ìgbà ooru bá ń bọ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀, àfi èmi. Wọ́n gé owó wákàtí kan.

Mo pe màmá mi. "Mọ́mì, wọ́n gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi lóru àná."

"Yéè! Ṣé wọn ò ṣe ẹ́ léṣe? Ṣé o ti lọ sọ fún ọlọ́pàá?"

"Mọ́mì, ìjọba ló gbà á."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó dáa. Tó bá ti jẹ́ ìjọba, fi sílẹ̀ fún wọn."

Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé, William Willett, ló kó gbogbo wa sí i. Ó máa ń gun ẹṣin láàárọ̀ kùtù, á rí i pé oòrùn ti yọ, síbẹ̀ kọ́tìnì àwọn aládùúgbò ṣì wà ní pípadé. Oorun àwọn ẹlòmíì ló ń dun bàbá yìí o! Ní 1907 ó kọ ìwé pélébé pé kí wọ́n máa sún aago síwájú nígbà ooru, kí àwọn èèyàn lè tètè jí. Tirẹ̀ tún le ju èyí lọ: ó fẹ́ kí wọ́n máa sún aago ní ogún ogún ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ Àìkú mẹ́rin nínú oṣù kẹrin. Èmi tí ẹyọ kan dà lórí rú! Ó kú ní 1915. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Jámánì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nítorí ogun, kí èédú tí wọ́n fi ń tan iná má bàa tán. Kò pé oṣù kan tí ìlú ọba fi tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n á ní ẹ má bínú, wọ́n á dá a padà lóṣù kẹwàá. Lóòótọ́, wọ́n dá a padà. Àmọ́ kó tó dìgbà náà, mo ti bọ́ sí iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Aago méjì lù, ó tún di aago kan. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé wa: "Aago kan ààbọ̀, bàbá sùn." Nígbà tó yá, mo tún kọ: "Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, bàbá jí, wọ́n ń wá ṣòkòtò." Ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ kà á, ó tún un kà, ó ní báwo ni bàbá ṣe jí kí wọ́n tó sùn?

Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo ṣe, ti mẹ́jọ ni wọ́n san. Mo béèrè. Wọ́n ní lóṣù kẹta, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ òru á ṣe méje, á gba owó mẹ́jọ, nítorí náà ó ti dọ́gba. Ó dọ́gba fún ta ni? Èmi tí ẹ gé lówó lóṣù kẹta náà ńkọ́?

Ní tèmi, kí wọ́n fi aago ìgbà ooru sílẹ̀ títí lọ. Nígbà ooru, aago ibí àti ti Nàìjíríà jọ máa ń rìn ni. Tí òtútù bá dé, ti ilé á fi wákàtí kan ṣíwájú, ìpè aago márùn-ún ìdájí tí màmá mi máa ń pè á wá di aago mẹ́rin lọ́dọ̀ mi, níbi tí mo bá ti ráyè sùn.

Wọ́n kúkú ti dán an wò rí, láti 1968 di 1971. Àwọn ará Scotland ló fárí gá jù, torí lókè lọ́hùn-ún, tí òtútù bá mú dáadáa, ó máa ń kọjá aago mẹ́wàá àárọ̀ kí oòrùn tó yọ. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá dá aago padà. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún màmá mi, pé òkùnkùn ni wọ́n sá fún.

Wọ́n ní, "Òkùnkùn kẹ̀? Ṣé wọn ò níná ni?"