Ẹ Mú Ẹ̀kọ́ Okòwò Jáde Nínú Gbọ̀ngàn

Ẹ jí ọmọ yunifásítì kan lóru, kí ẹ ní kó dárúkọ ìwà márùn-ún tí a fi ń dá oníṣòwò mọ̀. Yóò kà á bí ẹni ń ki oríkì: ó láyà, ó ní sùúrù, ó ń ronú ohun tuntun… Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé bó bá ra kẹ́ẹ̀gì epo kan, tó san owó ọkọ̀, tó san ti alábàárù, tí àwọn kan sì rà lọ́wọ́ rẹ̀ láwìn, eélòó ni kó tà á tí kò fi ní jẹ ojú owó? Yóò máa wò yín lójú ni.

Ọdún 2006 ni ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń dá okòwò sílẹ̀, ìbáà jẹ́ èdè Yorùbá ló ń kà, ìbáà jẹ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Iṣẹ́ oṣù kò kárí mọ́, ìdí nìyẹn. Ètò ẹ̀kọ́ tí NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì, gbé jáde lópin ọdún 2022, tí wọ́n ń pè ní CCMAS, tún fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ okòwò méjì, ENT 211 àti ENT 312. A fara mọ́ àṣẹ náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni kò tẹ́ wa lọ́rùn: èrò rẹpẹtẹ nínú gbọ̀ngàn kan, hándáòtù tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ má rà á, ìdánwò ká yan A tàbí B lórí kọ̀ǹpútà, ó parí.

Ti àwọn tó fi ọdún mẹ́rin gbáko kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso àti ìmójútó òṣìṣẹ́ ló tiẹ̀ dùn wá jù. Wọ́n mọ èrò àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun: wọ́n mọ Maslow ará Amẹ́ríkà, wọ́n mọ Fayol ará Faransé. Kò burú. Ṣùgbọ́n òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó òṣìṣẹ́, kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 kún un, àti owó oṣù, àti owó ilé, àti owó ọkọ̀ ni wọ́n sì ń pa pọ̀ ṣírò. Mélòó nínú wọn ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìṣirò yìí rí fún ẹ̀dá alààyè kan? SIWES tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́ láti ọdún 1973, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún, kì í ṣe àwọn wọ̀nyí.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ náà wà nílẹ̀ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Obìnrin tó ń ta àdìrẹ níbẹ̀ ń ra aṣọ funfun àti aró, ó ń san owó fún aláró, ó ń parí ìjà àwọn ọmọ iṣẹ́, ó ń sin gbèsè lọ́wọ́ oníbàárà tí kò fẹ́ san án. Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti Ṣáínà tún wọlé dé, ó pọ́kú ju tirẹ̀ lọ. Ṣé kó já owó tirẹ̀ wálẹ̀ ni, àbí kó wá oníbàárà tó mọ ojúlówó? Ìbéèrè ìdánwò gan-an nìyẹn, kò sì sí A tàbí B níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú fagi lé ẹ̀kọ́ okòwò ní yunifásítì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. CCMAS fi ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tó bá wù ú kún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ lò ó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún márùn-ún dá àjọ, kí wọ́n fi ṣòwò fún odindi sáà kan lábẹ́ ọ̀gá kan lọ́jà tàbí ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n máa kọ gbogbo owó tó wọlé àtèyí tó jáde sínú ìwé, kí ọ̀gá náà máa fọwọ́ sí i. Ìwé yẹn ni kí olùkọ́ fún ní máàkì. Ẹni tó pàdánù kò fìdí rẹmi, bí ìwé rẹ̀ bá ti fi ibi tí owó gbà hàn. Ẹni tó jèrè tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ ni kó padà wá tún un ṣe.

Wọ́n á ní olùkọ́ kò tó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó pọ̀ lọ́jà ńkọ́? Kí àwọn aláṣẹ yunifásítì ránṣẹ́ sí Ìyálọ́jà kí sáà tó ń bọ̀ yìí tó wọlé, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí atẹ̀wé hándáòtù.